Gẹ̀ẹ́sì Tó Gba Ojú Odò Wọ Lọ́kọ́jà, àti Èdè Tiwa Tó Wà Nílé

Ọ̀rọ̀ ìtàn ni mo gbé wá lónìí, ó sì kan ilé kọ̀ọ̀kan wa. Ọ̀rọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni.

Èmi kì í ṣe tísà o. Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo kà dé. Páànù, ìṣó àti símẹ́ńtì ni mò ń tà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń tajà ní agbègbè tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé yìí, dandan ni kí etí rẹ̀ là. Láàárín àárọ̀ kan ṣoṣo, Ígálà á wá, Ebira á wá, Núpé á wá, Haúsá, Ìgbò, Bàsà, àti àwọn ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ tó ni ilẹ̀. Bí èdè mìíràn ò bá pa wá pọ̀, Gẹ̀ẹ́sì la fi ń nájà. Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni o, ṣùgbọ́n bí ẹnu ṣe pọ̀ tó ni Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe pọ̀ tó.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ohun tí mò ń rí láàárín àwa tí a wá tẹ̀dó síbí. Ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá ló ti dáwọ́ Yorùbá dúró nínú ilé, torí wọ́n ń bẹ̀rù pé Gẹ̀ẹ́sì ọmọ á bàjẹ́. Obìnrin kan wá ra ìṣó lọ́wọ́ mi, òun àti ọmọ rẹ̀ tí kò lè ju ọdún mẹ́fà lọ. Mo kí ọmọ náà ní Yorùbá. Ìyá rẹ̀ ló dáhùn: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a sọ Yorùbá o, kó má lọ máa sọ ọ́ ní súkúrù.” Nígbà tí wọ́n ń lọ, ó yíjú sí ọmọ náà, ó ní, “Come and be going.” Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, torí gbogbo wa là ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Wọn ò fún ọmọ náà ní Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sì ń fún un nílé, Yorùbá tí wọ́n wọ̀ ní ṣòkòtò Gẹ̀ẹ́sì ni.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìtàn Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ná: bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, àti ohun tí ojú rẹ̀ rí kó tó dé. Bí a bá mọ̀ ọ́n tán, ẹ̀rù rẹ̀ á dín kù lára wa.

Lọ́dún 1841 ni ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Albert, Wilberforce àti Soudan, gba orí odò Ọya gòkè wá sí ìpàdé odò wa yìí. Ìjọba wọn ló rán wọn. Wọ́n fẹ́ fòpin sí òwò ẹrú, kí iṣẹ́ oko àti ọjà tó mọ́ sì rọ́pò rẹ̀. Wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Àtá Ígálà, wọ́n dá oko àfihàn sílẹ̀ nítòsí ibi tí Lọ́kọ́jà wà lónìí. Ibà bá wọn jà, ó pa púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó náà. Nígbà tó fi máa di ọdún 1842, oko náà ti túká.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà. Samuel Àjàyí Crowther wà níbẹ̀. Ọmọ Òṣogùn ni. Wọ́n kó o lẹ́rú lọ́dún 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun lọ́dún 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró, ìyẹn Sierra Leone. Òun àti àwọn ògbufọ̀ tí wọ́n mú láti Sàró ni wọ́n ń ba àwọn òyìnbó sọ̀rọ̀ fún aráàlú. Ìyẹn ni pé lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé Gẹ̀ẹ́sì dé ìpàdé odò wa, àwọn ọmọ adúláwọ̀ wà níbẹ̀, àwọn tó ti dè ní ìdè ẹrú rí kí wọ́n tó gbọ́ ABD. Láti ọjọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ti dé apá ibí yìí ló ti wà ní ẹnu adúláwọ̀.

Irú Gẹ̀ẹ́sì wo ló wà ní Sàró nígbà náà? Àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú wá láti ìlú tó pọ̀, èdè wọn ò dọ́gba. Wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe àjọsọ, oníkálukú sì bu iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Ibẹ̀ ni èdè tí wọ́n ń pè ní Krio ti gbilẹ̀, ọ̀rọ̀ Yorùbá sì pọ̀ nínú rẹ̀ títí dòní. Àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀, Aku ni wọ́n ń pè wọ́n, torí “ẹ kú” tí a fi ń kí ara wa: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìpínlẹ̀ Kogí dáadáa ẹ ó rántí pé bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ Òkun, tí a fi ń pe Ìyàgbà, Ìjùmú, Owé, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ pọ̀, ṣe ti inú ìkíni wọn jáde. Kí ènìyàn kí ara rẹ̀ títí tí ìkíni fi di orúkọ, ìwà wa nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nípa Àjàyí Crowther rèé. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dé góńgó. Ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay lọ́dún 1827, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù lọ́dún 1864. Síbẹ̀, lọ́dún 1843 ló tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ìtumọ̀ wọn jáde, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì tú Bíbélì sí Yorùbá tí odindi rẹ̀ fi jáde lọ́dún 1884. Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ kò lé Yorùbá kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ńṣe ló fi èyí tó kọ́ gbé èyí tó bá wáyé ró.

Lẹ́yìn ọkọ̀ 1841, Dókítà William Balfour Baikie wá lọ́dún 1854 pẹ̀lú ọkọ̀ Pleiad. Ó ń fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní kuiníìnì, ibà ò sì rí wọn pa bíi ti ìṣáájú. Ní nǹkan bí ọdún 1860 ló fìdí kalẹ̀ sí Lọ́kọ́jà, ọjà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrú níbẹ̀. Oníṣòwò ń bọ̀ láti Núpé, láti ilẹ̀ Haúsá, láti ilẹ̀ Yorùbá, láti ìsàlẹ̀ odò. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, Lugard fa àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè ní Lọ́kọ́jà yìí, ó kéde pé ilẹ̀ Àríwá ti di ti ìjọba òun. Akọ̀wé, sójà, atukọ̀, alágbàrù, gbogbo wọn pàdé síbí. Akọ̀wé ń kọ Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ sínú ìwé, alágbàrù ń sọ tirẹ̀ ní èbúté. Àwọn méjèèjì ló ń rí oúnjẹ jẹ níbẹ̀.

Àti pé Gẹ̀ẹ́sì ọjà, èyí tí à ń pè ní bùròkún, ti wà ní etíkun tipẹ́ kí ọkọ̀ 1841 tó gòkè wá. Àwọn Pọtogí ló ṣáájú Gẹ̀ẹ́sì dé etíkun wa, ìdí nìyẹn tí “sabi” àti “pikin” fi ti inú èdè Pọtogí wá. Ẹnikẹ́ni ò jókòó sí kíláàsì kọ́ ọ. Ẹni tó fẹ́ rà àti ẹni tó fẹ́ tà ló bí i, torí ọjà ò lè dúró de gírámà.

Bóyá ẹ ó ní, ó dáa, tiwa la dà rú, ti àwọn òyìnbó mọ́ gaara. Ẹ gbọ́ èyí, ìtàn tó dùn mọ́ èmi ọlọ́jà jù lọ nìyí. William Caxton ló gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1476. Oníṣòwò aṣọ ni tẹ́lẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé kan tó tẹ̀ lọ́dún 1490, ó sọ nípa àwọn oníṣòwò kan tí ọkọ̀ wọn ń dúró de atẹ́gùn lórí odò Thames. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti wá oúnjẹ. Ọ̀kan nínú wọn dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan, ó ní kó ta ẹyin fún òun. Ọ̀rọ̀ tó lò ni “egges”. Obìnrin náà ní òun ò gbọ́ Faransé. Inú bí ọkùnrin náà, torí òun náà ò gbọ́ Faransé, ẹyin lásán ló ń wá! Ìgbà tí ẹlòmíràn sọ pé “eyren” ni wọ́n ń wá ni obìnrin náà tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì ni tọ̀tún tòsì wọn ń sọ o, nínú orílẹ̀-èdè kan náà. Caxton wá ń béèrè pé, nínú méjèèjì, èwo ni kí òun tẹ̀ sínú ìwé? Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ará Ìyàgbà tàbí ará Ọ̀wọ́rọ̀ nájà rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ dé síbí, ẹ mọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ti jìyà. Lọ́dún 1066, William láti Normandy, tó wà ní ilẹ̀ Faransé lónìí, kọjá òkun, ó ṣẹ́gun, ó gorí ìtẹ́. Láti ìgbà náà, èdè Faransé ni ọba àti àwọn ìjòyè ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì di èdè ará oko. Ẹ lè rí àpá rẹ̀ lọ́jà ẹran títí dòní. Màlúù tó wà láàyè, “cow” ni. Tó bá ti dé inú abọ́, ó di “beef”. Àgùntàn láàyè, “sheep”. Lórí tábìlì, “mutton”. Ẹlẹ́dẹ̀, “pig”, ẹran rẹ̀, “pork”. Èyí tí daran-daran ń pè é, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Èyí tí ọlọ́lá tó ń jẹ ẹ́ ń pè é, inú Faransé ló ti wá.

Ó tó nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún kí nǹkan tó yí padà. Lọ́dún 1362 ni wọ́n ṣe òfin pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi rojọ́ ní kóòtù, torí Faransé kò yé àwọn aráàlú. Ta ló pa Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn? Kì í ṣe ọba, kì í ṣe ilé ìwé. Àwọn tó ń da ẹran, tó ń dá oko, tó ń pọn ọmọ, tí wọn ò jáwọ́ nínú sísọ ọ́ fún àwọn ọmọ wọn nínú ilé, àwọn ni. Ká ní wọ́n ti sọ pé “ẹ má bá ọmọ yìí sọ Gẹ̀ẹ́sì o, kí Faransé rẹ̀ má baà bàjẹ́,” èdè tí à ń bẹ̀rù lónìí yìí ì bá ti kú tipẹ́.

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì sì jáde nínú ìyà náà, kò jáde bó ṣe wọlé. Ó ti kó ẹrù Faransé rẹpẹtẹ sórí. Ṣáájú ìyẹn, ó ti gba “they” àti “window” lọ́wọ́ àwọn Viking. Ọ̀rọ̀ ń yí ìwà padà pẹ̀lú: “silly” tó túmọ̀ sí òmùgọ̀ lónìí, alábùkún ló túmọ̀ sí láyé àtijọ́, “nice” tí à ń fi yin èèyàn, òmùgọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà kan. Lẹ́tà k tó wà níwájú “knife” tó ń da àwọn ọmọ wa láàmú nínú dìkítéṣọ̀n, wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ẹnu ti fi í sílẹ̀, ìwé ò tíì gbọ́. Nígbà tí Noah Webster ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Amẹ́ríkà lọ́dún 1828, ó yọ u kúrò nínú “colour”, àwọn ará Amẹ́ríkà sì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ títí dòní. Àwọn tó ni èdè fúnra wọn ń tún un gé, wọ́n ń tún un rán.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé wàyí. Yorùbá náà mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ọ̀rọ̀ àlejò. Èdè wa kì í fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì dúró ti ara wọn, kì í sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ fi kọ́ńsónáǹtì parí. Nítorí náà “bread” di búrẹ́dì, “street” di títì, “church” di ṣọ́ọ̀ṣì. Páànù tí mò ń tà yìí, “pan” ni nílé Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí wọ́n fi ń dín ẹyin. Ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó gun orí ilé. Ẹ wo owó: “copper” di kọ́bọ̀, “threepence” di tọ́rọ́, “sixpence” di sísì, “shilling” di ṣílè. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, a pa owó Gẹ̀ẹ́sì tì, a gba náírà, orúkọ tí wọ́n gé kúrú láti inú Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ dúró. Lónìí, kọ́bọ̀ ò ra nǹkan kan mọ́, síbẹ̀ ẹni tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì ń sọ pé òun ò ní kọ́bọ̀.

Bí a ṣe ń jẹ ọ̀rọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ la ń fi èrò wa sínú èdè wọn. Òyìnbó tó bá ń rajà nìkan ni “customer” nílé wọn. Níbí, ẹni tó ń rà ń pe èmi tí mò ń tà ní kọ́sítọ́mà, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe kọ́ nìyẹn lójú tèmi. Oníbàárà là ń wí, ọ̀rẹ́ ọjà tó so àwa méjèèjì pọ̀. Bí ẹnì kan bá fẹsẹ̀ kọ, a ó ní “sorry” bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò sí níbẹ̀ nígbà tó kọsẹ̀, torí pẹ̀lẹ́ ló wà nínú wa. A bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́, a ó ní “well done”, torí ẹ kú iṣẹ́ là ń wí. A dìde láti jáde, a ó ní “I'm coming”, òyìnbó á máa wò wá pé ṣebí ìwọ lò ń lọ yìí. Mò ń bọ̀ ni o, a kì í sọ pé à ń lọ láìfi àbọ̀ sí i.

Ẹ tún wo “next tomorrow”. Tísà wa máa ń fi igi pupa yí i ká. Ṣùgbọ́n ọ̀túnla ni, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó rọrùn. Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ní irú rẹ̀ rí, “overmorrow”; ó wà nínú Bíbélì tí Coverdale tẹ̀ jáde lọ́dún 1535. Wọ́n jù ú sọnù, wọ́n wá ń sọ “the day after tomorrow”, ọ̀rọ̀ mẹ́rin fún ọjọ́ kan. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, Oxford English Dictionary, ìwé atúmọ̀ èdè tí àwọn ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbára lé, gba ọ̀rọ̀ 29 láti Nàìjíríà wọlé. “Next tomorrow” wà níbẹ̀, “danfo”, “okada”, “buka”, “mama put” àti “tokunbo” náà. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n tún gba “japa”, “abi”, “eba”, “gele” àti “adire” wọlé pẹ̀lú àwọn mìíràn. Tòkunbọ̀, orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sí ẹ̀yìn odi, di orúkọ mọ́tò àlòkù, ó wá di ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Kí wọ́n tó gba èèyàn mọ́ra, wọ́n lè kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín. Ìwé “The Palm-Wine Drinkard” tí Amos Tutùọlá ọmọ Abẹ́òkúta kọ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1952. Ọkùnrin náà ò ka ìwé púpọ̀. Ó kọ Gẹ̀ẹ́sì bí Yorùbá ṣe ń dún nínú rẹ̀. Akéwì Dylan Thomas yìn ín nínú ìwé ìròyìn ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọ̀mọ̀wé wa nílé ni ojú ń tì: wọ́n ní òyìnbó á rò pé bí gbogbo wa ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Lónìí, ìwé náà wà lára àwọn ìwé tí gbogbo ayé mọ̀ láti ilẹ̀ wa.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ pé kí ọmọ má kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́rán. Ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC, tó fẹ́ kọ lẹ́tà síbi iṣẹ́, tó fẹ́ dúró níwájú adájọ́, gbọ́dọ̀ mọ Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé. Bùròkún ò lè gbà á sílẹ̀ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ò ṣe lè bá a nájà lọ́dọ̀ alágbàrù. A kì í wọ aṣọ oko lọ síbi ìgbéyàwó, a kì í sì wọ agbádá lọ sóko. Kí ọmọ ní aṣọ méjèèjì, kó sì mọ ìgbà tí wọ́n ń wọ ìkọ̀ọ̀kan. Ti ohùn ẹnu, ìyẹn ò tó ìtìjú. Bí “very” bá di “fery” lẹ́nu wa, v ni kò sí nínú Yorùbá. Bí àwọn kan nínú wa bá sì ń gbé h sọnù níbi tó yẹ kó wà, àwọn ọmọ ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù gan-an ń gbé e sọnù, ìlú òyìnbó sì ni wọ́n bí wọn sí.

Ohun tí mo lòdì sí ni kí a máa ta Yorùbá kí a fi owó rẹ̀ ra Gẹ̀ẹ́sì. Ọjà yẹn ò pé. Wọ́n ti dán an wò. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní iṣẹ́ ilé ìwé fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti kíláàsì kẹrin, àwọn ọmọ Yorùbá yẹn ò rẹ̀yìn nínú ìṣirò, wọn ò rẹ̀yìn nínú sáyẹ́ǹsì, wọn ò tilẹ̀ rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Orí tó ti ní ìpìlẹ̀ ni ẹrù dúró lé.

Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kéde pé àwọn ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹ rí i báyìí, ilé ìwé ò ní bá wa tọ́jú rẹ̀. Àwa tí a sì wà nílẹ̀ àjò, ládùúgbò tí ọmọ aládùúgbò ń sọ Ebira tàbí Núpé, ibo ni ọmọ wa á ti gbọ́ Yorùbá bí kò bá gbọ́ ọ lẹ́nu wa? Yàrá ló kù, ìdáná ló kù, ìsọ̀ ló kù.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mo fẹ́ sọ, kí ẹ má bínú. Àwa tí a ti Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Èkìtì tàbí Kwara wá, a máa ń fi Ọ̀wọ́rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. A ní Yorùbá wọn ò já gaara. Ta ló sọ fún wa pé tiwa ló já gaara? Yorùbá inú ìwé tí à ń kà, ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, torí ibẹ̀ ni Àjàyí Crowther ti wá, tí àwọn míṣọ́nnárì sì mú un ṣe ìpìlẹ̀. Ká ní ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ ni, bóyá àwa ni wọn ì bá máa fi rẹ́rìn-ín lónìí. Ọ̀rọ̀ ẹyin tí Caxton sọ náà ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí òyìnbó fi Gẹ̀ẹ́sì òun rẹ́rìn-ín, kó má fi Yorùbá onílé rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ wọn la wà. Kí àwọn ọmọ wa gbọ́ Ọ̀wọ́rọ̀ mọ́ Yorùbá ilé wọn, àǹfààní lásán ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ohun tí mo ń bẹ̀ yín rẹ̀ ò ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí Yorùbá jẹ́ èdè oúnjẹ alẹ́ nínú ilé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi í kí yín láàárọ̀, kó fi í ka owó ìsọ̀, kó fi í tọrọ àforíjì. Ẹ ra ìwé Gẹ̀ẹ́sì fún un, ẹ jẹ́ kó kà á sókè, tísà ló máa tún èyí ṣe. Bó bá sì ṣi Yorùbá sọ, ẹ tún un sọ fún un wẹ́rẹ́, ẹ má rẹ́rìn-ín, torí ẹ̀rín ló ń lé èdè sá jù pàṣán lọ.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ bá mọ ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí àwọn bàbá wa ń lò ní èbúté Lọ́kọ́jà, tàbí bí wọ́n ṣe ń pe ọjà kan ní Agbájà kí a tó dé, ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ibí kí àwọn ọmọ lè rí i. A ó máa retí yín. Ire o.